Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Láàárín Ìyálé àti Ìyàwó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́! Ọ̀gá Táì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ̀rọ̀ (ìdí tá a fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn, kò sì mọ̀). Ó ní èmi ni màá ṣáájú iṣẹ́ àwọn súwíìṣì. Tó bá lọ dáadáa, èmi ni wọ́n máa fi ṣe olórí yàrá ẹ̀rọ, torí Bàbá Oníwáyà ń fẹ̀yìntì lọ́dún tó ń bọ̀. Tí kò bá lọ dáadáa — kò sọ ìyẹn. Ó kàn tún táì ṣe.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Gbogbo àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa — orúkọ aláìsàn, èsì ẹ̀jẹ̀, àwòrán egungun — inú Àká ló wà. Àká ni à ń pe àpótí ńlá tó wà ní igun yàrá, tó ń kùn tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ mọ́kànlélógójì ló ń bù jẹ nínú Àká. Àárín àwọn ẹ̀rọ náà àti Àká ni súwíìṣì méjì wà. Kì í ṣe súwíìṣì iná ara ògiri o. Oríta ni, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà ti ń pàdé. À ń pe ọ̀kan ní Ìyálé, à ń pe èkejì ní Ìyàwó, torí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó bá ṣe ọ̀kan kò gbọdọ̀ kan èkejì. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní wáyà kan lọ́dọ̀ Ìyálé, àmì pupa lára rẹ̀, àti wáyà kan lọ́dọ̀ Ìyàwó, àmì búlúù. Tí Ìyálé bá sùn, ọmọ á lọ jẹun lọ́dọ̀ Ìyàwó.

Sọ́fíwià tó wà lórí àwọn méjèèjì ti gbó. Àwọn tó ṣe é ti kọ̀wé pé tí oṣù yìí bá ti parí, àwọn ò bójú tó o mọ́. A máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́ lọ, kí nọ́ọ̀sì má mọ̀, kí dókítà má mọ̀. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ pé o ṣe. Èmi náà kọ́ ni mo yan irú iṣẹ́ yìí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo sọ fún Bàbá Oníwáyà. Ó bọ́ fìlà, ó wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, o ti dé ibẹ̀.” Díẹ̀ ló kù kí n sunkún sínú tíì mi.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Èmi àti Táì jọ jiyàn. Àtẹ̀gùn keje, ìyẹn ẹ̀dà keje, ni sọ́fíwià wa wà. Kẹsàn-án là ń lọ. Táì ní ká fò látorí keje sí kẹsàn-án lẹ́ẹ̀kan náà, ká lè tètè ṣe tán. Mo ní a kì í fo kẹjọ. Tí o bá fò ó, súwíìṣì á pa ara rẹ̀ kú pátápátá kó tó jí, gbogbo ọ̀nà á sì tì. Tí o bá gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọpọlọ rẹ̀ nìkan ló máa sùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀nà á ṣì máa ṣàn. Ó ní, “Ìwọ àti òfin rẹ! Ṣé orí rẹ ni wọ́n kọ ìwé náà sí ni?”

Bàbá Oníwáyà ló gbà mí. Ó ti ẹ̀yìn wá, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ yìí kì í fo nǹkan. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.”

Táì gbà. Ìgbésẹ̀ méjì fún Ìyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí. Ká dúró wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ìgbésẹ̀ méjì fún Ìyálé.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn síbí, kí n lè máa kà á lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wá kọ́ṣẹ́. Mi ò mọ orí wáyà yàtọ̀ sí ìdí wáyà. Àwọn yòókù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló fà mí lọ́wọ́.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ìyàwó ti dé àtẹ̀gùn kẹsàn-án! Ẹnikẹ́ni ò mọ̀!!

Agogo méjì ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wá rí dókítà ti lọ. Àyẹ̀wò ọ̀nà la kọ́kọ́ ṣe, bí Bàbá Oníwáyà ṣe fi kọ́ wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹnì kan dúró níwájú pẹ̀lú ìwé, á máa pe ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kejì wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn wáyà wà. Tí wọ́n bá pe ẹ̀rọ, á fi ọwọ́ kan wáyà rẹ̀ méjèèjì, á wo àmì wọn — pupa kan, búlúù kan — lẹ́yìn náà ló tó lè dáhùn pé, “Mo rí i.” Kò gbọdọ̀ sọ “bẹ́ẹ̀ ni,” kò gbọdọ̀ sọ “ó wà níbẹ̀.” Mo rí i. Tí o bá ṣì í sọ, bàbá á ní kó o padà sí orí kìíní. Èmi náà ti padà sí orí kìíní rí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Ó máa ń sọ pé, “Ẹ̀rọ lè purọ́ fún ọ. Ọwọ́ kì í purọ́.”

Èmi ni mo pè. Òun ló wà lẹ́yìn, torí ó ní ojú òun ò ka lẹ́tà wínníwínní mọ́. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo gbọ́ “mo rí i” láti ẹ̀yìn àwọn àpótí irin yẹn, mo sì fàmì sí i ní ìgbà mọ́kànlélógójì.

Lẹ́yìn náà, mo tẹ bọ́tìnnì. Ọpọlọ Ìyàwó sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò dá mi lóhùn, ọ̀nà ń ṣàn. Ó jí. Mo tún un ṣe fún kẹsàn-án. Ó sùn, ó jí. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, nọ́ọ̀sì kan rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó ní, “Ẹ̀yin ara kọ̀ǹpútà, ẹ kú ìsinmi o!” Kò sẹ́ni tó tíì yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.


Àìkú, ọjọ́ keje

Mo sùn. Mo jẹun. Mo tún sùn.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá Oníwáyà yà kí wa nílé. Ó dúró lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀. Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, tí àga ilé wa sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò gbà fún un: “Bàbá, àbí ẹ ò fọkàn tán àga mi ni?” Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti jókòó tó lónìí. Kò jókòó títí tó fi lọ. Ó sọ fún ọkọ mi pé òun lè fẹ̀yìntì tayọ̀tayọ̀ báyìí, òun ti rí ẹni tí òun máa fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ọkọ mi sọ fún mi lẹ́yìn tó lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe fọ abọ́ tán.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àyẹ̀wò ọ̀nà, bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mọ́kànlélógójì. Mo rí i, mo rí i, mo rí i. Àtẹ̀gùn kẹjọ: Ìyálé sùn, ó jí, kò sí wàhálà. Àtẹ̀gùn kẹsàn-án — Ìyálé kú fin-ín. Kì í ṣe ọpọlọ nìkan. Gbogbo iná iwájú rẹ̀ pa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé á fúnra rẹ̀ dìde. Ẹ̀rù ò bà mí. Ìdí tá a fi ní Ìyàwó nìyẹn. Mo ń wò ó lójú ẹ̀rọ báyìí: ọ̀kan sọdá, òmíràn sọdá, gbogbo wọn ń sọdá lọ sọ́dọ̀ Ìyàwó bí ọmọ tó mọ ilé. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Fóònù dún. Ìyá Láàbù ni, ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. “Kí lẹ ṣe? Ojú wa ti fọ́! Gbogbo èsì ti lọ! Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, ó ń bímọ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, wọ́n ń béèrè irú ẹ̀jẹ̀ wo ni tirẹ̀, mi ò rí i!”

Ẹ̀rọ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀rọ láàbù. Òun nìkan ni kò sọdá.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí Ìyálé tó dìde. Ìyá Láàbù ò dúró de wa. Ó tú pálí ìdọ̀tí títí ó fi rí bébà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ láàárọ̀, ó sáré gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ara ńlá rẹ̀ yẹn. Ó dé ibẹ̀ kó tó di pé ọ̀nà ṣí.

Bàbá Oníwáyà gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. “Ikú tí ì bá pani tó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dá. Má sunkún.” Mi ò sunkún. Mo ń ronú: mo pè é. Mo gbọ́ tó ní ó rí i.


Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyá àti ọmọ wà láàyè. Obìnrin ni ọmọ náà. Ìgbà mẹ́rin ni mo pe wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ní tí mo bá tún pè, òun á gbé ọmọ náà fún mi lórí fóònù kí n máa tọ́ ọ.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tètè dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo lọ sí ẹ̀yìn àwọn àpótí irin, mo dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Ẹ̀rọ ogún títí dé mọ́kànlélógójì, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà, nítòsí ilẹ̀.

Ẹ̀rọ kẹtàdínlọ́gbọ̀n: wáyà méjì. Àmì pupa. Àmì pupa.

Pupa méjì! Ọ̀dọ̀ Ìyálé ni méjèèjì ń lọ. Iná wọn ń tàn, ojú ẹ̀rọ ń sọ pé ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀nà méjì sì ló wà lóòótọ́, ilé kan náà ni wọ́n ń gbà lọ. Ẹ̀rọ kì í mọ̀. Ojú ènìyàn nìkan ló lè mọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá mọ pupa á mọ̀.

Èmi náà ò mọ́ tán: ká ní mo ka iye ọ̀nà tó wọ ilé Ìyálé àti iye tó wọ ilé Ìyàwó, ǹ bá ti rí i pé wọn ò dọ́gba. Mi ò kà á. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ tó kọ́ mi.

Nǹkan mìíràn nìyí, òun ló ń jẹ mí lọ́kàn. Eruku. Lára wáyà àwọn ẹ̀rọ òkè, ipa ìka ọwọ́ wà. Láti ogún sísàlẹ̀, eruku wà lórí àmì, ó nípọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe kẹtàdínlọ́gbọ̀n nìkan. Gbogbo wọn. Ní igun, kéréètì kan wà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tìmùtìmù kékeré wà lórí rẹ̀, ó ti jìn bí ìdí ènìyàn.

Mo jókòó lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀, o ò lè rí àmì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú á gbọ́ ohùn rẹ.

Mo bá Bàbá ní ibi tíì. Mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú, mi ò tilẹ̀ dárúkọ kéréètì. Mo ní, “Bàbá, pupa méjì ló wà lára kẹtàdínlọ́gbọ̀n.” Ó gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù kẹfà ni òun fúnra rẹ̀ so ẹ̀rọ yẹn nígbà tí wọ́n gbé e wá lọ́tun. Ó ní, “Má dààmú, ọmọ mi. Lọ́jọ́ ìpàdé, màá sọ̀rọ̀.”

Ara tù mí. Ó máa sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó sọ̀rọ̀.

Yàrá ìpàdé kékeré. Táì ní orí tábìlì, Ìyá Láàbù ní ẹ̀gbẹ́ kan, èmi àti Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a jókòó ti ara wa bí ìgbà gbogbo. Táì bi í pé báwo ló ṣe jẹ́ tí àyẹ̀wò ò mú kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Bàbá la ẹnu. Kò wò mí. Ó ní:

“Ọmọ mi kò pè é. Ó pe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó pe méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo rò pé ó mọ ìdí tó fi fò ó. Gbogbo ìyókù ni mo fọwọ́ kàn.”

Ọmọ mi kò pè é! Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi máa ń sọ pé kí n jẹun. Ọmọ mi. Tó bá tilẹ̀ pè mí ní “obìnrin yìí,” kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo na ìwé mi jáde, mo fi àmì tí mo fà sí kẹtàdínlọ́gbọ̀n hàn wọ́n. Táì ní ẹni tó fo nǹkan lè fàmì sí i kí ìwé lè mọ́. Ìyá Láàbù wò mí, ó mi orí, ó ní, “Obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn o.” Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba bàbá yẹn gbọ́? Èmi gan-an, tí kì í bá ṣe èmi ni, màá gbà á gbọ́.

Táì ti wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀: pé èmi ni mo fo ẹ̀rọ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, pé mo gba ẹ̀bi, pé mo gbà kí wọ́n gbé mi kúrò ní yàrá ẹ̀rọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kó fáìlì. Kí n buwọ́ lù ú kó tó di ọjọ́ kẹtàlélógún. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀! Ìyẹn ṣe mí bákan, ṣùgbọ́n orí mi ò gbà á nígbà yẹn.


Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọmọ yìí kì í fo nǹkan. Ẹnu kan náà ni.


Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Bàbá pe fóònù. Kì í ṣe tèmi, ti ọkọ mi. Ó bá a sọ̀rọ̀ fún bíi ìdajì wákàtí ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni sà, ó yé mi sà.” Ọkọ mi wọlé, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ nu ojú tábìlì tó mọ́.

Orúnkún ni. Ó ti tó ọdún méjì tí Bàbá ò lè lóṣòó mọ́. Tó bá lọ sílẹ̀, kò ní lè dìde. Ní oṣù kẹfà, ṣe ló kàn na ọwọ́ sísàlẹ̀ so kẹtàdínlọ́gbọ̀n, kò rí àmì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, àfi ẹnì kan, kò dárúkọ ẹni náà. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń jókòó sọ “mo rí i,” wọ́n á lé e jáde pẹ̀lú ìtìjú ní oṣù mẹ́jọ sí ìfẹ̀yìntì. Ó ní èmi ṣì kéré, pé nǹkan á kọjá lórí mi. Ó ní kí ọkọ mi bá òun bẹ̀ mí.

Ọkọ mi sì bẹ̀ mí! “Bàbá ti darúgbó, ìyàwó mi. Bu ọwọ́ sí i. Fáìlì náà, iṣẹ́ ni.”

Mo ní ṣé tí ẹnì kan bá fi igi jíjẹrà kan àga, tí àga náà sì dá ènìyàn lápá, ọkọ mi á gbà pé òun ló kàn án, nítorí pé ẹni tó kàn án ti dàgbà? Mo lọ sùn sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

Ì bá ti sọ fún mi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ju ti ìpàdé lọ. Ká ní ó sọ pé, “Ọmọ mi, orúnkún mi ti kú,” màá máa wọ abẹ́ àpótí yẹn lójoojúmọ́ ayé mi, màá sì máa sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ló wọ̀ ọ́. Ó yàn láti purọ́ fún mi ní ìgbà méjìlélógún lọ́sàn-án kan. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ náà, méjìlélógún. Àti ọdún tó kọjá? Wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ — mi ò ní parí rẹ̀. Àgbà ni.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Kámẹ́rà! Kámẹ́rà wà ní ẹ̀yìn àwọn àpótí irin. Wọ́n gbé e síbẹ̀ nígbà tí wọ́n jí bátìrì wa lọ́jọ́sí. Kì í gba ohùn, àwòrán nìkan. Ó ti wà níbẹ̀ pẹ́ débi pé a ti gbàgbé rẹ̀ bí ẹni gbàgbé ihò ògiri.

Mo lọ bá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àwòrán náà nísàlẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó gbé àga fún mi. Ó yí i padà sí ọjọ́ kẹtàlá, agogo méjì ọ̀sán.

Bàbá mi nìyẹn. Ó dúró, ó ń fọwọ́ kan àwọn ti òkè, ó ń wo àmì wọn, ó ń ṣe é bó ṣe fi kọ́ mi gẹ́lẹ́. Ó dé ogún. Ó di irin mú, ó rọra ń tẹ̀ sílẹ̀, ó dé agbedeméjì — ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó fa ara rẹ̀ padà sókè. Ó wo ọ̀kánkán ibi tí èmi wà, bí ẹni tó fẹ́ pè mí. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sórí kéréètì. Láti ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó ń gé èékánná.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí mo lè gbé sọnù nínú wọn.

Kò sí ohùn tó lè jẹ́rìí pé mo pe kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó sọ ní ìpàdé pé gbogbo ìyókù ni òun fọwọ́ kàn. Kò fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú àwọn ti ìsàlẹ̀. Ó ti tó.

Mo ní kí ọlọ́dẹ bá mi fi í pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, ó ti wà ní ìpamọ́. Ọ̀gá yín ti wá wò ó ní Ìṣẹ́gun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wò ó.”

Mo ní ọ̀gá wo?

Ó fi ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń tún táì ṣe.

Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Ó ti mọ̀! Ó jókòó sí orí tábìlì yẹn, ó ń béèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ìwé ẹ̀bi mi sì wà nínú fáìlì rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èmi ò tilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, yàrá kan ni gbogbo wa ń bá ara wa ṣiṣẹ́.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mi ò buwọ́ lù ú. Mo kọ lẹ́tà sí Dókítà Àgbà, olórí gbogbo ilé ìwòsàn. Ojú ewé kan. Mo kọ nípa àyẹ̀wò, àmì pupa méjì, kámẹ́rà, ọjọ́ tí Táì wò ó. Mo kọ àṣìṣe tèmi náà: pé mi ò ka iye ọ̀nà. Mi ò kọ nǹkan kan nípa orúnkún. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ.

Kí n tó mú un lọ, ọkọ mi gbà á, ó kà á, ó tún àmì ohùn méjì ṣe. Ó ní, “Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́sí.” Ó dá a padà. Mo jẹun tó sè.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Dókítà Àgbà ní ká wá lọ́la, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Gbogbo wa.


Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Dókítà Àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin tó gùn, tí ohùn rẹ̀ kéré, tó jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó tó lè gbọ́ ọ. Ó fi àwòrán náà hàn wá. A wo Bàbá tó ń gé èékánná. Bàbá náà wò ó.

Nígbà tó parí, ó ní, “Bàbá, ṣé ó pè é àbí kò pè é?”

Ọwọ́ Táì ti dé ọrùn. Dókítà ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí táì yẹn sinmi.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní, “Ó pè é. Gbogbo wọn ló pè. Kò fo nǹkan kan.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ pé kò pè é?”

Bàbá fi ọwọ́ sínú àpò, ó yọ bébà kan tó ti gbó lójú ìká. Lẹ́tà tó kọ sí Táì ní oṣù karùn-ún: pé orúnkún òun ò gbé òun dé ilẹ̀ mọ́, pé kí wọ́n fún un ní ẹnì kan tí á máa bá a wo àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. Táì ti fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: “Kò sáyè.” Bàbá ní lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́, Táì pe òun, ó ní tí lẹ́tà yìí bá jáde, àwọn méjèèjì ló máa lọ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin yẹn ló fò ó, ẹnikẹ́ni ò ní lọ, wọ́n kàn máa gbé e kúrò ni. “Mo sì gbà,” ni Bàbá wí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo sì gbà.

Ìyá Láàbù na ọwọ́ sí mi lábẹ́ tábìlì, ó di ọwọ́ mi mú. Mo jẹ́ kó dì í mú.

Wọ́n ní kí Táì lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi pè é. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi láti òní títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Èmi ni olórí yàrá ẹ̀rọ láti ọjọ́ Ajé.

Ohun tí mo fẹ́ ni. Mo ń kọ ọ́ tán, mo tún ń kà á, ohun tí mo fẹ́ gan-an ni.

Nígbà tí mo dé yàrá ẹ̀rọ, ó ti wà níbẹ̀, ó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù: ìgò ojú rẹ̀, kọ́ọ̀pù tíì, irin ìtúdè méjì tó fi ń tú ẹ̀rọ. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹsẹ̀ mi ló ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kúnlẹ̀ láti kí i. Láti ọdún mẹ́sàn-án, tí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, á fi ọwọ́ kàn mí lórí, á ní, “Ọmọ mi, dìde, iṣẹ́ wà.”

Ó sún sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú kọ́kọ́rọ́, ó tẹ orí ba díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń fi nǹkan fún ẹni tó jù ú lọ.

“Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́, mà,” ó ní. “Kọ́kọ́rọ́ yín rèé.”

Yín.

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, màá lè bínú padà. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ lójú títì. Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé láílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé.